Ọdún mẹ́rin pẹ̀lú pyelftools, láíbúrárì tó ń ka àkọsílẹ̀ DWARF

Ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí tí mo ti ń fi pyelftools ṣe iṣẹ́ òòjọ́ mi, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń gbèrò láti sọ ohun tí ojú mi rí nídìí rẹ̀ fún àwọn tí wọ́n bá fẹ́ lò ó. Eli Bendersky ló gbé láíbúrárì yìí jáde ní oṣù kìíní ọdún 2012. Èdè Python ni wọ́n fi kọ ọ́ láti òkè dé ilẹ̀, iṣẹ́ méjì ló sì ń ṣe: ó ń ka fáìlì ELF, ìyẹn irú fáìlì tí ètò kọ̀ǹpútà máa ń wà nínú rẹ̀ lórí Linux àti lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ kéékèèké, ó sì ń ka DWARF, àkọsílẹ̀ tí compiler (ètò tó ń sọ kóòdù di ìtọ́ni ẹ̀rọ) ń fi sínú fáìlì náà kí debugger (irinṣẹ́ tí a fi ń wá àṣìṣe) lè mọ ibi tí ìtọ́ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ti wá nínú kóòdù tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló lè mú kóòdù rẹ̀ kó sì lò ó bó ṣe wù ú, àwọn irinṣẹ́ ńlá bíi angr àti pwntools pàápàá sì gbára lé e.

Kí n tètè sọ ìdájọ́ mi kí n tó máa ṣàlàyé: irinṣẹ́ tó ṣeé fọkàn tán ni, mo sì ń gba àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níyànjú pé kí wọ́n lò ó. Àmọ́ ohun kan wà tí ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn láti ọjọ́ kìíní. Pyelftools máa ń fi ohun tó wà nínú fáìlì lé yín lọ́wọ́ gẹ́lẹ́ bí compiler ṣe kọ ọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi tó ṣe kókó, ọwọ́ yín ni ìtúmọ̀ rẹ̀ kù sí. Bí ẹ bá rò pé ọ̀kan náà ni DWARF láti ẹ̀dà àkọ́kọ́ títí di òní, láíbúrárì yìí kò ní pariwo, ètò yín kò sì ní dúró. Ìdáhùn tí kì í ṣe òótọ́ ni yóò jáde, yóò sì jọ òótọ́ lójú yín. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi, ó sì ná wa ní ọjọ́ púpọ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi fẹ́ fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ẹni tí kò bá mọ ohun tí à ń kà gan-an, ẹ jẹ́ kí n là á yé e díẹ̀. Nígbà tí compiler bá sọ kóòdù C di ìtọ́ni ẹ̀rọ, orúkọ variable (àpótí tí ètò ń fi iye sí) tó wà nínú function (abala kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ kan), nọ́ńbà ìlà àti irú ohun tí variable kọ̀ọ̀kan jẹ́ yóò pòórá, nítorí pé ẹ̀rọ kò nílò wọn. Bí a bá fi àṣẹ -g kún un, compiler yóò kọ gbogbo nǹkan wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú fáìlì, bí télọ̀ ṣe máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ẹ̀yìn aṣọ tó gé kí ó lè mọ abala tó jẹ́ apá yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ọrùn. Ìpín tó ń jẹ́ .debug_info ló ń gbé orúkọ function àti variable; .debug_line ló ń gbé àtẹ tó so àdírẹ́sì mọ́ fáìlì àti ìlà; .debug_abbrev sì ni ìwé ìkékúrú tí a gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ kí .debug_info tó lè yé ẹnikẹ́ni.

Bell Labs ni DWARF ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú Unix System V Release 4, wọ́n sì ti ń tún un kọ láti ìgbà náà. Ẹ̀dà kejì jáde ní 1993, ẹ̀kẹta ní 2005, ẹ̀kẹrin ní 2010, ẹ̀karùn-ún sì jáde ní oṣù kejì ọdún 2017. Ẹ̀karùn-ún yìí ló da omi ọ̀rọ̀ rú. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin, kò kan ọ̀pọ̀ nínú wa, àfi ìgbà tí GCC 11, ọ̀kan nínú àwọn compiler C, jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2021, tó sì sọ ọ́ di èyí tí yóò máa kọ bí ènìyàn kò bá sọ pé òmíràn ni òun ń fẹ́; Clang 14, compiler mìíràn, ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 2022. Valgrind pàápàá, irinṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ fún wíwá àṣìṣe nínú ètò, ẹ̀dà 3.17.0 tó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2021 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n kà. Ẹni tó bá yí compiler rẹ̀ padà lásìkò yẹn ti yí DWARF padà, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Ilé iṣẹ́ tí mo wà nígbà náà ń kọ ètò fún mítà iná tí wọ́n ń ra káàdì sí. Bí mítà kan bá kọsẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, yóò fi àdírẹ́sì ìtọ́ni tó ti kọsẹ̀ pamọ́, yóò sì fi í ránṣẹ́ sí wa nígbà tó bá tún jí. Èmi ni mo kọ ètò Python kékeré tó ń gba àdírẹ́sì yẹn, tó ń fi pyelftools wá a nínú fáìlì ELF, tó sì ń tẹ orúkọ fáìlì, ìlà àti function jáde. Ohun tí mo kọ kò ju ọgọ́rin ìlà lọ, ó sì ṣiṣẹ́ fún ọdún kan gbáko láìsí wàhálà, nítorí pé GCC 10 ni à ń lò, DWARF 4 ló sì ń kọ.

Nígbà tí a gbé compiler wa lọ sí GCC 11, mo gba ẹ̀dà pyelftools tó mọ DWARF 5, mo dán ètò mi wò lórí àdírẹ́sì mẹ́ta mẹ́rin, gbogbo wọn tọ̀nà, ọkàn mi sì balẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni ìròyìn mítà kan dé. Ètò mi sọ pé ìlà 41 nínú isiro.c ni ẹ̀rọ ti kọsẹ̀. A ṣí isiro.c, a wo ìlà 41, àlàyé lásán ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan nínú wa kọ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ohun tó ń ṣe. Compiler kì í sọ àlàyé di ìtọ́ni, nítorí náà ẹ̀rọ kò lè kọsẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí a kọ́kọ́ rò ni pé kóòdù tí à ń wò yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú mítà náà, a sì lo ọjọ́ méjì gbáko nídìí wíwá ẹ̀dà kóòdù kan tí kò sí níbì kankan. Kò sí ẹni tó fura sí ètò tó ń túmọ̀ àdírẹ́sì, nítorí pé kò tíì já wa kulẹ̀ rí.

Ohun tó fà á nìyí. Láti ẹ̀dà kejì títí dé ẹ̀kẹrin, DWARF ń ka àwọn fáìlì inú àtẹ ìlà láti 1. Kò sí fáìlì kankan ní ipò 0. Python ní tirẹ̀ ń ka ohun inú àkójọ láti 0. Nítorí náà, ètò mi máa ń yọ ọ̀kan kúrò nínú nọ́ńbà tí àtẹ bá mú wá kí ó tó lọ wo orúkọ fáìlì nínú àkójọ, ìyẹn sì tọ̀nà nígbà náà. Ẹ̀dà karùn-ún wá pàṣẹ pé láti 0 ni kí a máa kà, kí fáìlì tí compiler ń túmọ̀ gan-an sì jókòó sí ipò 0 yẹn. Láti ọjọ́ tí a ti gbé GCC 11 wọlé ni yíyọ ọ̀kan ti di àṣìṣe.

Kí ló wá dé tí ìdánwò mi kò fi rí i? Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù nìyẹn, ibẹ̀ náà ló sì ti kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù. Nínú fáìlì tí GCC kọ fún wa, isiro.c wà ní ipò 0, ó sì tún wà ní ipò 1. Fáìlì kan náà, ẹ̀ẹ̀mejì. Ìtọ́ni tó bá wá láti inú isiro.c yóò pe nọ́ńbà 1, ètò mi yóò yọ ọ̀kan, yóò dé ipò 0, yóò sì tún bá isiro.c pàdé níbẹ̀. Ó tọ̀nà, ṣùgbọ́n kòńgẹ́ ni. Gbogbo àdírẹ́sì tí mo fi dán an wò ló jẹ́ ti fáìlì .c. Àfi ìgbà tí ẹ̀rọ kọsẹ̀ nínú function kúkurú kan tó wà nínú aago.h, tí compiler ti tẹ́ sínú isiro.c. Ipò 2 ni aago.h wà, ètò mi yọ ọ̀kan, ó dé ipò 1, ó sì mú orúkọ isiro.c jáde. Nọ́ńbà ìlà ní tirẹ̀ kò yí padà: 41 ni, òótọ́ sì ni. Orúkọ fáìlì kan àti ìlà fáìlì mìíràn ni ètò mi so pọ̀ fún wa. Ìlà 41 nínú aago.h ń fi iye ìṣẹ́jú kan pín iye iná tí oníbàárà lò, òdo ni iye náà lọ́jọ́ yẹn, a sì ti ṣètò ẹ̀rọ náà pé kí ó dá iṣẹ́ dúró bí ohunkóhun bá fi òdo pín nǹkan.

Clang ló tú àṣírí náà. Òun ni a fi ń túmọ̀ ẹ̀dà ètò mítà tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà wa fún ìdánwò. Clang kì í pe fáìlì gidi ní 1 nínú DWARF 5; 0 ló ń pè é. Ètò mi yọ ọ̀kan kúrò nínú 0, ó di -1, Python kì í sì í bínú sí -1: ó gbà pé ohun tó gbẹ̀yìn nínú àkójọ ni ènìyàn ń béèrè. Báyìí ni gbogbo àdírẹ́sì inú isiro.c ṣe ń jáde pẹ̀lú orúkọ iranti.h, fáìlì tí kò ní ju orúkọ àwọn irú dátà lọ, tí kò sí ìtọ́ni ẹ̀rọ kankan tó lè ti inú rẹ̀ wá. Nígbà tí mo rí i pé iranti.h ni wọ́n ní ẹ̀rọ ń sáré nínú rẹ̀, mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kì í ṣe kóòdù mítà ló ń ṣàìsàn.

Àtúnṣe wa àkọ́kọ́ pàápàá kò pé. Mo ní kí ètò náà wo ẹ̀dà DWARF nínú ìpín àkọ́kọ́ tó bá bá pàdé nínú .debug_info (fáìlì kóòdù kọ̀ọ̀kan ló ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀), kí ó sì fi ìyẹn pinnu fún gbogbo fáìlì ELF náà bóyá kí ó yọ ọ̀kan tàbí kí ó má yọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n fáìlì ELF kan lè kó oríṣiríṣi ẹ̀dà pọ̀: kóòdù tiwa wà ní ẹ̀dà karùn-ún, kóòdù tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti túmọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó kó o fún wa wà ní ẹ̀dà tó ti pẹ́, linker, ètò tó ń so wọ́n pọ̀, sì kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan. Orí àtẹ ìlà kọ̀ọ̀kan (ìyẹn àwọn báìtì tó ṣáájú rẹ̀) ni a gbọ́dọ̀ bi ní ẹ̀dà rẹ̀, kì í sì ṣe orí ìpín .debug_info, nítorí pé nọ́ńbà ẹ̀dà àwọn méjèèjì dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì sí òfin tó ní kí wọ́n bára mu. Àtúnṣe tó kẹ́yìn kò ju ìlà kan lọ: bí ẹ̀dà àtẹ ìlà bá kéré sí 5, kí a yọ ọ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí a má yọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe fún àkójọ àwọn fódà, nítorí pé ìyípadà yẹn kan àwọn náà: tẹ́lẹ̀, 0 túmọ̀ sí fódà tí a ti pe compiler, kò sì sí nínú àkójọ, ní ẹ̀dà karùn-ún, inú àkójọ gan-an ló wà, òun ló sì ṣáájú.

Kí a má bàa dá láíbúrárì náà lẹ́bi ohun tí kò ṣe, ó yẹ kí n sọ pé àpẹẹrẹ tó wà lára pyelftools fúnra rẹ̀, èyí tó ń jẹ́ dwarf_decode_address.py, ń ṣe é bó ṣe yẹ gẹ́lẹ́: ó ń béèrè ẹ̀dà lọ́wọ́ orí àtẹ ìlà kọ̀ọ̀kan kí ó tó yọ nǹkan kan. Ẹni tó bá fi àpẹẹrẹ yẹn bẹ̀rẹ̀ lónìí kò ní ṣubú síbi tí mo ṣubú sí. Síbẹ̀, àpẹẹrẹ kọ́ ni láíbúrárì. Nínú ẹ̀dà tí mo ń lò, èmi ni mo ṣì ń ṣe ìṣirò ipò fáìlì fúnra mi, ó sì wù mí kí wọ́n fi function kan kún un tí a óò fún ní nọ́ńbà, tí yóò sì dá orúkọ fáìlì padà pẹ̀lú ọ̀nà fódà rẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá lo libdw, láíbúrárì èdè C tó wà nínú elfutils, kò ní rí irú wàhálà yìí, nítorí pé dwarf_linesrc yóò fún un ní orúkọ fáìlì láìjẹ́ pé ó mọ̀ bóyá láti 0 ni wọ́n ti kà á tàbí láti 1.

Irú nǹkan yìí tún wà nídìí DW_AT_high_pc, èyí tó ń sọ ibi tí function parí sí. Láyé àtijọ́, àdírẹ́sì ni. Láti ẹ̀dà kẹrin, ó lè jẹ́ àdírẹ́sì, ó sì lè jẹ́ iye báìtì tí function náà gùn, bí compiler bá ṣe fẹ́. Ẹ wo function kan nínú mítà wa: ó bẹ̀rẹ̀ ní 0x08001a40, DW_AT_high_pc rẹ̀ sì jẹ́ 0x2c. Ẹni tó bá rò pé àdírẹ́sì ni 0x2c yóò máa wá àdírẹ́sì tó ju 0x08001a40 lọ tó sì kéré sí 0x2c, kò sì ní rí i láé. Ó gbọ́dọ̀ ro méjèèjì pọ̀ kí ó tó mọ̀ pé 0x08001a6c ni function náà parí sí. Libdw yóò ṣe ìṣirò yìí fún ènìyàn. Pyelftools yóò fún un ní iye náà, yóò sì fún un ní form rẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn irú ohun tí compiler sọ pé iye náà jẹ́, kí ó fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Ẹnìkan lè wá bi mí pé kí ló dé tí n kò fi kó ẹrù mi lọ sọ́dọ̀ libdw. Ìdí mi ni pé ohun tó jẹ́ àléébù níbi kan ni ìwúlò rẹ̀ níbòmíràn. Bí debugger kan bá ń sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ta ló ṣì í: ṣé compiler tó kọ ọ́ ni, àbí ẹni tó kà á? Láíbúrárì tó ti túmọ̀ gbogbo nǹkan tán kò lè ràn wá lọ́wọ́ nínú ìbéèrè yẹn. Pyelftools máa ń fi ohun kọ̀ọ̀kan hàn pẹ̀lú form rẹ̀, pẹ̀lú iye tó ti túmọ̀, pẹ̀lú iye tútù tó wà nínú fáìlì kí ó tó túmọ̀ rẹ̀, àti pẹ̀lú ibi gan-an tó wà nínú ìpín náà, débi pé mo lè ṣí fáìlì náà báìtì sí báìtì kí n sì fi ìka mi sí i. Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí èyí ti gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀bi tí kì í ṣe tèmi.

Àwọn ibi kan sì wà tí láíbúrárì yìí ti ṣe iṣẹ́ náà parí fúnra rẹ̀, ó sì yẹ kí a yìn ín níbẹ̀. Orí ìpín kọ̀ọ̀kan nínú .debug_info yí padà ní ẹ̀dà karùn-ún: wọ́n fi irú ìpín kún un, wọ́n sì gbé ìwọ̀n àdírẹ́sì ṣáájú ibi tí ìwé ìkékúrú wà. Lórí ẹ̀rọ ARM tiwa, báìtì tó tẹ̀lé nọ́ńbà ẹ̀dà nínú ìpín àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ 01 04 00 00 00 00. Ẹni tó bá ń fi òfin ẹ̀dà kẹrin kà á yóò sọ pé ipò 1025 ni ìwé ìkékúrú wà, àti pé báìtì òdo ni àdírẹ́sì fẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ìsọkúsọ ni gbogbo ohun tó bá kà. Pyelftools kì í ṣe irú àṣìṣe yìí. Ó mọ DW_FORM_implicit_const pẹ̀lú, tí iye rẹ̀ jókòó sínú ìwé ìkékúrú tí kò sì gba báìtì kankan nínú .debug_info, òǹkàwé tó bá fi àìmọ̀ gba báìtì kan fún un ti ṣìnà títí ìpín náà yóò fi tán. Bákan náà ni orúkọ tí Clang ń fi nọ́ńbà tọ́ka sí, tí a ní láti gba .debug_str_offsets kọjá kí a tó dé .debug_str: láíbúrárì náà ń rin ìrìn yẹn fúnra rẹ̀. Nígbà tó bá sì kan ibi tí variable wà bí ètò ṣe ń sáré, ó ń fi àmì kan tó ń jẹ́ is_absolute sọ bóyá àdírẹ́sì náà ti pé tàbí a ṣì ní láti rò ó pọ̀ mọ́ ìpìlẹ̀. Ẹ má ṣe fojú fo àmì yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwa tí a ń kọ Yorùbá. Pyelftools ń dá orúkọ padà gẹ́gẹ́ bí báìtì lásán, ẹni tó ń lò ó ni yóò fi UTF-8 sọ ọ́ di ọ̀rọ̀. Fún ẹni tí gbogbo orúkọ fáìlì rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ìyàtọ̀ tó fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n láti GCC 10 ni a ti lè kọ orúkọ function pẹ̀lú àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ tààrà nínú C, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń kọ́ níṣẹ́ sì ṣe bẹ́ẹ̀, inú mi dùn sí i. Ìgbà tí a wá ń wá function tó ń jẹ́ ìṣirò nínú àkọsílẹ̀ DWARF, a kò rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà níbẹ̀. Ìṣòro náà wà nídìí lẹ́tà ṣ. Kíbọ́ọ̀dù kan ń kọ ọ́ bí ẹyọ lẹ́tà kan ṣoṣo, báìtì E1 B9 A3. Òmíràn ń kọ s, lẹ́yìn náà ó ń fi àmì ìsàlẹ̀ kún un, báìtì 73 CC A3. Ojú ènìyàn kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ohun méjì ni wọ́n jẹ́ fún ẹ̀rọ. Compiler fi èyí tó bá nínú kóòdù pamọ́, pyelftools sì dá a padà bó ṣe rí i, èyí tó tọ́ tó sì yẹ. Iṣẹ́ wa ni láti sọ méjèèjì di irú kan náà pẹ̀lú unicodedata ti Python kí a tó fi wọ́n wé ara wọn, a sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Ní ti ìyára, Python ni, kò sì lè sáré bí ohun tí wọ́n fi C tàbí Rust kọ. Fún ètò mítà, kò dí wa lọ́wọ́ rárá. Fún ètò gàgàrà tí àkọsílẹ̀ DWARF rẹ̀ tóbi gan-an, ẹ lọ wo gimli ti èdè Rust tàbí libdw tí mo ti dárúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ dúró ti pyelftools, kí ó lo get_aranges kí ó lè bọ́ tààrà sínú ìpín tó ni àdírẹ́sì náà dípò kí ó máa yẹ gbogbo ìpín wò lọ́kọ̀ọ̀kan; àmọ́ kí ó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí Clang má kọ àtẹ yẹn àfi bí a bá fi àṣẹ -gdwarf-aranges bẹ̀ ẹ́. Gbígbé e wọ kọ̀ǹpútà rọrùn, kò sì béèrè láíbúrárì mìíràn lẹ́yìn ara rẹ̀, ohun kan péré tó lè da ẹni tuntun láàmú ni pé pyelftools ni orúkọ tí pip, irinṣẹ́ tí a fi ń gba láíbúrárì Python, mọ̀ ọ́n sí, elftools sì ni orúkọ tí a óò fi pè é nínú kóòdù. Ìwé ìtọ́nisọ́nà rẹ̀ kúrú. Ó ń sọ bí a ṣe ń pe nǹkan, kì í kọ́ ènìyàn ní DWARF, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé ìlànà DWARF fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ohun tó mú kí n fọkàn tán an jù ni bí wọ́n ṣe ń dán an wò. Wọ́n kọ readelf tiwọn (irinṣẹ́ tó ń tẹ ohun inú ELF jáde) sínú rẹ̀ pẹ̀lú Python, wọ́n sì ń fi ohun tó bá tẹ̀ jáde wé ohun tí readelf ti binutils tẹ̀ jáde, lórí ọ̀pọ̀ fáìlì ELF tí oríṣiríṣi compiler kọ. Àwa náà ti mú àṣà yẹn lò. A kọ fáìlì C kékeré kan tó ní function kan nínú .c àti òmíràn nínú .h, a fi GCC àti Clang túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú -gdwarf-4, a sì tún fi àwọn méjèèjì túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú -gdwarf-5. ELF mẹ́rin ni, a sì mọ fáìlì àti ìlà tí àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú jáde. Ìkarùn-ún ni èyí tó so ẹ̀dà kẹrin àti ẹ̀karùn-ún pọ̀ sínú àpò kan, òun ni àtúnṣe mi àkọ́kọ́ ì bá ti kùnà lórí rẹ̀. A máa ń sáré márààrún ní gbogbo ìgbà tí a bá yí compiler padà tàbí tí a bá gba pyelftools tuntun, kí ìròyìn mítà kankan tó kan ètò tó ń túmọ̀ àdírẹ́sì.